Nargis, Obìnrin Tó Di Ìyá Íńdíà

Ìtàn ìgbésí ayé tí a gbé wá sí ojú ewé yìí lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá, kì í sì í ṣe ti ọba tàbí ti ajagun. Ti òṣèré sinimá kan ni, obìnrin ará Íńdíà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nargis. Ó ti kú láti ọdún 1981. Àmọ́ bí ẹ bá bi àwọn òbí yín nílé pé sinimá Íńdíà wo ni wọ́n rántí, bóyá ni wọn kò ní dárúkọ Mother India kí wọ́n tó dárúkọ òmíràn. Wọn yóò sọ nípa ìyá tó fi èjìká ara rẹ̀ fa ohun ìtúlẹ̀ tí akọ màlúù ń fà, bí ẹni pé àná ni wọ́n wò ó.

Àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì ló kọ́kọ́ ń kó sinimá Íńdíà wọ Nàìjíríà. Ní Kano, nínú àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣì ń fi Mother India hàn ní ilé sinimá, èrò sì ń wọ́ lọ wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti jáde. Ní ilẹ̀ Yorùbá, orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni àwa tí a kò tíì dàgbà púpọ̀ ti mọ àwọn sinimá wọ̀nyí. A kò gbọ́ èdè Híńdì rárá, bẹ́ẹ̀ a kì í béèrè ìtumọ̀. Àwọn màmá àgbà tí kò mọ ìwé kà a máa jókòó tì wá, wọn a sọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé, ẹkún wọn a sì ti ṣáájú ti òṣèré. Kí ni ì bá rú wọn lójú níbẹ̀? Oko ni, òjò ni, gbèsè olówó èlé ni, ọmọ tó yàyàkuyà ni.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni ẹni tí obìnrin tí à ń wò jẹ́. Ìgbà tí a dé ìlú òyìnbó, tí a bá àwọn nọ́ọ̀sì ará Íńdíà ṣiṣẹ́ alẹ́ pọ̀ ní wọ́ọ̀dù, ni a tó gbọ́ ìtàn rẹ̀ ní kíkún. Ìtàn náà wọ̀ wá lára ju sinimá lọ, nítorí pé ohun tí ènìyàn máa ń fi pamọ́ nítorí ìtìjú ló kún inú rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ìlú Calcutta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1929. Fatima Rashid ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìyá rẹ̀, Jaddanbai, jẹ́ akọrin tí òkìkí rẹ̀ kàn, ìdílé àwọn tí wọ́n ń pè ní tawaif ló sì ti wá. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní àríwá Íńdíà láyé ọjọ́un, orin, ijó àti ewì ni iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí, àwọn ọba àti àwọn ọlọ́rọ̀ ni wọ́n sì ń ṣeré fún. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n mọ̀wà, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ, débi pé àwọn ilé ọlá a máa rán ọmọkùnrin wọn lọ sọ́dọ̀ wọn láti kọ́ bí a ti ń jókòó láwùjọ. Ṣùgbọ́n ilé ọlá kan náà kò ní jẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ọmọ wọn láéláé. Wọ́n ń jẹ dídùn wọn, wọn kò fẹ́ kí a rí àwọn pẹ̀lú wọn lọ́sàn-án.

Kí ọmọ Yorùbá má ṣe rẹ́rìn-ín o. Àwa náà mọ bí àwọn baba wa ti ń wo obìnrin tó bá wọ ẹgbẹ́ tíátà. Hubert Ogunde fúnra rẹ̀ fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó, kí ẹgbẹ́ náà má baà tú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Baba Nargis jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù láti ilé olówó, Mohanchand ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti fẹ́ rán an lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní ìlú òyìnbó kí ó tó pàdé Jaddanbai. Ìyá ọmọ méjì ni Jaddanbai nígbà náà, ọkùnrin méjèèjì, Akhtar àti Anwar. Mohanchand pa iṣẹ́ dókítà tì, ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó gba orúkọ Abdul Rashid, ó sì fẹ́ obìnrin náà. Àwọn ẹbí rẹ̀ kẹ̀yìn sí i. Ohun tí a rí nínú àwọn ìtàn tí a kà ni pé kò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n Jaddanbai ló ń bọ́ ilé.

Obìnrin yẹn kò ṣe é fojú kéré. Nígbà tí sinimá tó ń sọ̀rọ̀ dé, ó rí i pé ààfin àwọn ọba ti ń tán lọ, ó kó ẹrù, ó kó ẹbí, ó gba Bombay lọ, ìlú tí wọ́n ń pè ní Mumbai báyìí. Ó ṣeré, ó dá ilé iṣẹ́ sinimá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe orin sinimá ní Íńdíà. Ní ọdún 1935 ó ṣe orin fún Talash-e-Haq, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò fi ibi tó ti wá pamọ́. Ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn, ilé rẹ̀ sì kún fún àwọn akéwì, àwọn olórin àti àwọn òṣèré lójoojúmọ́.

Ọmọ náà ní tirẹ̀, dókítà ló wù ú láti dà. Wọ́n fi í sí ilé ìwé tó dára, ó sì fẹ́ràn ìwé. Àmọ́ ní ọdún 1943, nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Mehboob Khan tó ń ṣe sinimá wá a wá, ó fi í ṣe olórí obìnrin nínú Taqdeer. Láti ìgbà náà ló ti ń jẹ́ Nargis, orúkọ òdòdó kan ni. Ọ̀rọ̀ dókítà parí síbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa níbí, ọmọ tó fẹ́ ṣe tíátà ni a máa ń tì sọ́nà dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, tí a ó sì máa pè é ní orí burúkú bó bá kọ̀. Ti ọmọ Jaddanbai yí padà, owó ilé ló fà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ilé ń jẹun lórí iṣẹ́ rẹ̀, àwa kò mọ bí a ó ti pe irú rẹ̀ ní oríire láìmikàn.

Ọdún 1946 ni Raj Kapoor kan ilẹ̀kùn ilé wọn. Jaddanbai ló wá rí lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Nargis ń dín pakora lọ́wọ́, ìyẹn ohun kan tó jọ àkàrà wa, ìyẹ̀fun ẹ̀wà wọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó sáré wá ṣílẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun gbá irun kúrò lójú, ìyẹ̀fun sì lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ọkùnrin náà kò gbàgbé. Ní ọdún 1973, nígbà tó ń ṣe sinimá Bobby, ó fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà sínú rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ti rí.

Sinimá 16 ni àwọn méjèèjì jọ ṣe. Ọdún 1949 ni Barsaat jáde, àmì ilé iṣẹ́ Raj Kapoor sì ti inú rẹ̀ wá: ọkùnrin tó mú gòjé òyìnbó dání lọ́wọ́ kan, tí obìnrin fara ti ọwọ́ kejì. Nargis ni obìnrin náà. Ọdún yẹn náà ni Andaz jáde, ọdún yẹn náà ni Jaddanbai kú. Ní ọdún 1951 ni Awaara dé, tí Nargis ṣe lọ́yà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Rọ́ṣíà ní ọdún 1954, àwọn ènìyàn níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó dé Ṣáínà, ó dé Tọ́kì. Ọmọ Íńdíà tó bá rìnrìn àjò nígbà náà, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń kí i.

Ṣùgbọ́n Raj Kapoor ti ní ìyàwó, ó ti ní ọmọ. Gbogbo ayé mọ ohun tó wà láàrin òun àti Nargis. Ní ilé tiwa láyé ọjọ́un, àwọn àgbà ì bá ti jókòó, wọn ì bá sọ ọ́ di ìyàwó kejì, ọ̀rọ̀ ì bá tán tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òfin ìgbéyàwó àwọn Híńdù tó jáde ní ọdún 1955 ti ilẹ̀kùn yẹn pa: ọkùnrin Híńdù kò gbọ́dọ̀ ní ju aya kan lọ. Odindi ọdún mẹ́jọ ni Nargis fi lo èwe rẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn mìíràn sì dín kù nítorí ọkùnrin náà. Ní ọdún 1956 ó kúrò. Ìgbà ìkẹyìn tí a rí wọn pọ̀ ni ìparí Jagte Raho. Ará oko kan wọ ìlú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, gbogbo òru ló fi wá omi, wọ́n ń lé e bí olè. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tó dé ibi tí obìnrin kan ti ń pọnmi, obìnrin náà sì bu omi fún un mu. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni Nargis fi wà nínú rẹ̀. Àwa ka èyí sí ìdágbére tó dára ju èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí gbà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dé orí Mother India.

Mehboob Khan ti ṣe ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 1940, ó pè é ní Aurat. Ó tún un ṣe ní aláwọ̀ mèremère, ó sì yan orúkọ tuntun fún un pẹ̀lú ìbínú. Ní ọdún 1927, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Katherine Mayo, kọ ìwé kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Mother India, ó fi bú ilẹ̀ náà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bí ẹni bú ẹran. Mehboob mú orúkọ kan náà, ó fi ṣe èsì.

Radha ni orúkọ obìnrin inú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ olówó èlé kan, Sukhilala, láti fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ. Wọn kò mọ̀wé, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé kò yé wọn, èlé náà sì jẹ oko, ó jẹ màlúù, ó jẹ ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ bá ti ṣe ìwọ̀fà rí kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Òkúta ńlá já lu ọkọ Radha, apá rẹ̀ méjèèjì lọ. Ìtìjú pé ìyàwó ló ń bọ́ òun mú kí ó dìde lóru, ó sì lọ, a kò tún rí i mọ́. Omíyalé gbé oko lọ. Olówó èlé ní kí obìnrin náà wá fi ara rẹ̀ san án kí àwọn ọmọ lè jẹun, ó kọ̀. Ó fi èjìká túlẹ̀. Ọmọ méjì kù sí i lọ́wọ́, Ramu àti Birju. Birju di olè nítorí ohun tí wọ́n fi ojú ìyá rẹ̀ rí, ó pa olówó èlé, ó sì fẹ́ jí ọmọbìnrin rẹ̀ gbé lọ. Ìyá gbé ìbọn, ó sì yin ọmọ tí ó bí, nítorí pé kò lè fara mọ́ kí wọ́n ba ọmọbìnrin abúlé jẹ́. Nargis kò tíì pé ọmọ ọdún 28 nígbà tí wọ́n ń ya sinimá yìí. Ìyàwó tuntun ló fi bẹ̀rẹ̀, arúgbó ló fi parí, irun funfun, ẹ̀yìn títẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tó dọdẹ ọmọ náà tán. Àwa ti wò ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ, a kò tíì lè jẹun nígbà tó bá kan ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1957, ní abúlé Umra ní ilẹ̀ Gujarat, wọ́n ń ya ibi tí iná ti ń jó òkìtì koríko gbígbẹ. Atẹ́gùn yí padà. Iná ká Nargis mọ́ àárín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe Birju, Sunil Dutt, da aṣọ bora, ó kó wọ inú iná, ó sì fà á jáde. Iná jó o lójú àti láyà, ibà líle mú un. Nargis ló jókòó tì í, tó ń tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Àwa tí a ti tọ́jú ẹni tí iná jó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Nígbà tí a bá ń ṣí ọgbẹ́, tí a ń wẹ̀ ẹ́, tí a tún ń dì í, aláìsàn kì í lè ṣe fáàrí fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú kì í sì í lè purọ́ pẹ́ títí. Nígbà náà ni Nargis sọ gbogbo ìtàn ara rẹ̀ fún ọkùnrin náà, kò yọ ti Raj Kapoor sílẹ̀. Sunil kò wí nǹkan kan tó lè mú un tijú. Ọmọ tí ogun ìpínyà Íńdíà àti Pakistan lé kúrò nílé ni òun náà, òtòṣì tó ti ṣe iṣẹ́ rédíò kí ó tó di òṣèré. Nígbà tí àìsàn ń bá àbúrò rẹ̀ obìnrin jà, Nargis ló mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, láìpariwo. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Sunil ti pinnu.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1958, ní bòńkẹ́lẹ́. Ẹ rò ó wò: gbogbo Íńdíà ṣẹ̀ṣẹ̀ wò wọ́n bí ìyá àti ọmọ ni, ó sì ti yìnbọn pa á lójú gbogbo ayé. Ní oṣù yẹn kan náà, wọ́n mú Mother India dé Hollywood láti du ẹ̀bùn Oscar fún sinimá ilẹ̀ òkèèrè, ti Ítálì ló gbà á. Wọ́n fún Nargis ní ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó dára jù ní Karlovy Vary ní ọdún náà, ìjọba Íńdíà sì fún un ní oyè Padma Shri.

Lẹ́yìn èyí ló ṣe ohun tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ yé. Ó fi sinimá sílẹ̀ nígbà tí ọjà gbóná jù. Ó bí Sanjay ní ọdún 1959, ó bí Namrata àti Priya tẹ̀ lé e. Ó gba orúkọ ìdílé ọkọ, ó ń jẹ́ Nargis Dutt. Òun àti ọkọ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ eléré kan sílẹ̀, Ajanta Arts, wọ́n ń kó àwọn òṣèré lọ sí ẹnubodè láti dá àwọn ọmọ ogun lára yá. Ẹ̀ẹ̀kan ló padà sídìí sinimá gidi, ìyẹn Raat Aur Din tó jáde ní ọdún 1967, lórí obìnrin tí àìsàn ọpọlọ sọ di ẹni méjì, ọ̀kan lọ́sàn-án, èkejì lóru. Àwọn tó yí obìnrin náà ká ń sọ pé òkú ló ń gùn ún, wọ́n ń wá babaláwo wọn kiri. Ó gba ẹ̀bùn ìjọba fún un, òun sì ni òṣèrébìnrin àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀.

Apá tó kàn yìí ni ó jẹ́ kí a kọ ìtàn yìí. Ní ọdún 1972, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mithu Alur dá ẹgbẹ́ Spastics Society of India sílẹ̀ ní Bombay. Ọmọbìnrin rẹ̀, Malini, ní àìsàn ọpọlọ tó máa ń jẹ́ kí iṣan le gbagidi, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ má gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni ìyá náà ti rí i pé ọmọ tí wọ́n pè ní aláìmọ nǹkan kan lè kàwé. Ó padà sílé, kò rí ilé ìwé kan ṣoṣo tó lè gba ọmọ rẹ̀. Nargis di alátìlẹ́yìn àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ náà. Kì í ṣe orúkọ nìkan ló yá wọn. Ó ń lọ bá àwọn ọmọ náà ṣeré, ó ń bá wọn wá owó, ó sì ń mú àwọn òṣèré ńlá tẹ̀ lé ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá nínú ẹgbẹ́ wa, a mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn baba wa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹni òòṣà, ọ̀wọ̀ sì wà nínú orúkọ náà. Ṣùgbọ́n a ti wọ ilé ọmọ Yorùbá ní ìlú yìí kan náà, tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ń lọ lọ́wọ́, tí ìlù ń dún, tí ọmọ kan sì wà ní yàrá òkè tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, kí àlejò má baà rí i. Bẹ́ẹ̀ owó ìrànlọ́wọ́ wà, ẹni tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ wà, àga oníkẹ̀kẹ́ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bá mọ̀ pé ó wà, ta ni yóò gbé e fún? Ọmọ olókìkí jù lọ ní Íńdíà, tí wọ́n ti fi ìdílé ìyá rẹ̀ bú, ló ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sórí itan níwájú kámẹ́rà.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1980 fi yà wá lẹ́nu. Wọ́n fi í sí Ilé Aṣòfin Àgbà ní ọdún náà, òun sì ni òṣèrébìnrin sinimá àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Kò pẹ́ tó fi dojú kọ Satyajit Ray, ẹni tó ṣe Pather Panchali, pé òṣì Íńdíà ló ń kó lọ tà fún àwọn òyìnbó. Inú tó bí i kò ṣàjèjì sí wa. Kò sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan tí ẹnì kan kò ní dìde bínú nítorí ohun tí tẹlifíṣọ̀n fi hàn nípa Nàìjíríà, gọ́tà tó dí, ọmọ tí eṣinṣin bò lójú, láìfi ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan hàn. Ẹni tó bá rántí ìwé Katherine Mayo kò ní pe Nargis ní aláìmọ̀kan. Síbẹ̀ a kò bá a lọ. Ebi, gbèsè àti ìkún omi ló wà nínú Mother India láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí a mọ̀ títí dé Kano. Ọmọ ilé tó ń sọ ìyà ilé kì í ṣe ẹgbẹ́ àlejò tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdún yẹn kò parí kí àìsàn tó dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, ara rẹ̀ kọ̀ níbi ìjókòó Ilé Aṣòfin. Ibà pọ́njú ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ó ń rù lójoojúmọ́. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n tó rí i pé jẹjẹrẹ ni, nínú ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, iṣẹ́ wa ni. Jẹjẹrẹ yìí máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí tí yóò fi tàn. Bí ẹyinjú tàbí awọ ara bá pọ́n bí ìyeyè, bí ìtọ̀ bá dúdú bí tíì tó ki, tí ìgbẹ́ sì ṣì, bí ara bá ń yún láìsí èélá, bí ènìyàn bá ń rù láìgbààwẹ̀, bí inú bá ń dùn ún tí ó sì ń kọjá sí ẹ̀yìn, bí àtọ̀gbẹ bá ṣàdéédéé dé bá àgbàlagbà, ẹ má ṣe fi àgbo ibà pọ́njú dí ọjọ́. Kì í ṣe jẹjẹrẹ ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ohun mìíràn tó ṣeé wò ni. Ẹ ṣáà tètè lọ sọ́dọ̀ dókítà yín, kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó ń ti yín lójú.

Wọ́n gbé e lọ sí New York, sí Memorial Sloan Kettering. Oṣù púpọ̀ ni Sunil fi jókòó tì í níbẹ̀, bí òun náà ti jókòó tì í lọ́jọ́ iná. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ló ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Sanjay ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn olóró nígbà náà. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni baba rẹ̀ mú un lọ gba ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìgbà tí òun gbọ́ ohùn ìyá òun nínú kásẹ́ẹ̀tì ni ẹkún tó jáde lójú òun, ẹkún tí kò jáde lọ́jọ́ ìsìnkú.

Nargis padà sí Bombay, ó sì kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1981, nígbà tó ku nǹkan bí oṣù kan kí ó pé ọmọ ọdún 52. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi Rocky hàn fún ìgbà àkọ́kọ́, sinimá tí Sanjay fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí baba rẹ̀ ṣe. Wọ́n fi àga kan sílẹ̀ lófìfo láàrin wọn.

Ìyàwó ọkọ Híńdù ni, ọmọ Mùsùlùmí ni, àwọn kan sì fẹ́ fa ọ̀rọ̀ òkú rẹ̀. Sunil Dutt sin ín ní ìlànà Ìsìláàmù, ní ibi ìsìnkú tí wọ́n ti sin Jaddanbai, akọrin àwọn ọba. Èyí kò lè ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbọ́ yé, àwa tí alhájì àti díákónì ń jẹun nínú àwo kan náà lọ́jọ́ Iléyá.

Ní ọdún 1982, Sunil dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ, ó sì ń rìn kiri Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin àwọn ọmọ Íńdíà tó wà níbẹ̀, ó ń gba owó ẹ̀rọ ìtọ́jú jọ. Ó ń ṣe é títí òun náà fi kú ní ọdún 2005. Priya, ọmọ wọn obìnrin, ló gba ipò rẹ̀ nílé aṣòfin, ó sì ń bá iṣẹ́ àjọ náà lọ. Ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ kan tó ń jẹ́ orúkọ Nargis wà ní Barshi, ìlú kan láàrin àwọn oko ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, ó jìnnà sí Mumbai. Àwọn ará oko ló ń tọ́jú.